Àgbá Tó Ń Yí Kọ́ Ló Ń Pinnu

Ẹni tó bá jókòó síwájú ẹ̀rọ tẹ́tẹ́, àwọn àwòrán tó ń yí lára àgbá rẹ̀ ló máa ń tẹjú mọ́. Agogo kan á dúró, agogo kejì á tún dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àyà á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì nítorí ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí kí àgbá àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ṣíìpù kọ̀ǹpútà kan tó wà nínú ikùn ẹ̀rọ ti mú nọ́ńbà rẹ̀, ó ti mọ̀ bóyá owó á jáde tàbí kò ní jáde. Gbogbo yíyí tí ojú ń wò lẹ́yìn ìyẹn, ìran lásán ni. Ẹ̀rọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀wá. Fún nǹkan bí 90 ọdún, àgbá fúnra rẹ̀ ló ń pinnu, ẹni tó bá sì fara balẹ̀ lè ka àwòrán tó wà lára rẹ̀, kó ṣírò ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Bí ìpinnu ṣe kúrò lọ́wọ́ àgbá, tó bọ́ sọ́wọ́ nọ́ńbà tí ojú kò rí, ibẹ̀ ni mo rò pé òkìkí ẹ̀rọ yìí ti wá, ju iná tó ń tàn àti orin tó ń kọ lọ.

Ní 1891, ilé iṣẹ́ Sittman and Pitt ní Brooklyn, New York, gbé ẹ̀rọ kan jáde tó ní àgbá 5. Àwòrán káàdì 50 ló wà lára àwọn àgbá náà, 10 lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá sọ owó ẹyọ sẹ́ǹtì 5 sínú rẹ̀, tó sì fa apá rẹ̀, á rí káàdì 5 tó tò lójú fèrèsé, wọ́n á sì wò ó bóyá ó jọ ohun tí àwọn tó ń ta póókà ń wá. Káàdì póókà jẹ́ 52, àwòrán sì jẹ́ 50, nítorí náà káàdì 2 ní láti ṣẹ́kù síta. Èyí tí wọ́n sábà máa ń yọ ni 10 ti spade àti jack ti heart. Ó dà bí ohun kékeré, àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Royal flush, ìyẹn 10, jack, queen, king àti ace irú kan náà, tó ga jù lọ nínú póókà, ọ̀nà 4 péré ló wà láti kó o jọ, ọ̀kan fún irú káàdì kọ̀ọ̀kan. Bí 10 ti spade kò bá sí, ti spade bàjẹ́. Bí jack ti heart kò bá sí, ti heart náà bàjẹ́. Ọ̀nà 2 ló kù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ọgbọ́n yìí ti wà: má fọwọ́ kan ohun tí ojú ń rí, dín ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kù.

Ẹ̀rọ Sittman and Pitt kò lè san owó fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tí káàdì 5 lè gbà tò pọ̀ ju ohun tí irin àti sípíríǹgì lè dá mọ̀ lọ, nítorí náà ẹni tó ni ilé ọtí ló ń sanwó: bíà kan, sìgá kan, tàbí ohun mímu lọ́fẹ̀ẹ́, bó bá ṣe wù ú. Charles Fey ló wá yanjú èyí. Ọmọ Bavaria ní Jámánì ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì ní San Francisco. Dípò kó wá bí ẹ̀rọ á ṣe mọ gbogbo póókà, ó dín eré náà kù títí irin fi lè kà á: àgbá 3 dípò 5, àmì 5 péré, ìyẹn bàtà ẹṣin, diamond, spade, heart, àti agogo òmìnira Amẹ́ríkà tó ti sán. Agogo 3 ló ń san owó tó pọ̀ jù, nickel 10, ìyẹn sẹ́ǹtì 50. Liberty Bell ló sọ ẹ̀rọ náà. Àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lórí ọdún tó ṣe é, àwọn kan ń sọ 1895, àwọn mìíràn 1899, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń jiyàn pé òun ni bàbá gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e.

Bí wọ́n bá ṣí ẹ̀yìn irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n á rí nìyí. Àgbá mẹ́ta wà lórí ọ̀pá irin kan ṣoṣo, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dá yí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá kọ̀ọ̀kan ni àwo irin pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n gé eyín sí etí rẹ̀, eyín kan fún àwòrán kan. Owó ẹyọ ló ń tú ìdè apá ẹ̀rọ. Láìsí owó, apá kò ní fà. Bí apá bá wálẹ̀, sípíríǹgì á na, á sì ta àgbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Aago kékeré kan, tó ní abẹ̀bẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń dá dúró kó má baà sáré jù, á wá máa tú ìka irin sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ìka àkọ́kọ́ á bọ́ sáàárín eyín àgbá òsì, gbàgà, àgbá yẹn á dúró. Lẹ́yìn náà ti àárín, lẹ́yìn náà ti ọ̀tún. Ìtẹ̀léra yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dúró pa pọ̀, ara ò ní gbọ̀n rírì. Àgbá tó kẹ́yìn tó ṣì ń yí nígbà tí méjì ti bára mu, òun ló ń mú ènìyàn fa apá lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àwọn ìka mìíràn tún wà tí iṣẹ́ tiwọn jẹ́ láti wá ihò. Wọ́n ti lu ihò sára àwo kọ̀ọ̀kan ní ibi tí àwòrán tó ń sanwó wà. Bí ìka bá bá ihò, á wọlé. Bí kò bá bá a, á dúró sórí irin. Nígbà tí ìka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wọ ihò tó bára mu, pẹlẹbẹ tó wà nídìí ọpọ́n owó á fà sẹ́yìn, iye owó tó yẹ á sì já sínú àwo ìsàlẹ̀. Kò sí iná mànàmáná níbẹ̀ rárá. Àwòrán 10 ló wà lára àgbá kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ọ̀nà tí wọ́n lè gbà dúró jẹ́ 10 lọ́nà 10 lọ́nà 10, ìyẹn 1,000. Ẹnikẹ́ni tó bá ní bébà àti pẹ́ńsùlù, tó sì lè rí gbogbo ara àgbá, lè mọ èrè onílé títí dé sẹ́ǹtì tó kẹ́yìn.

Ohun tó ń bàjẹ́ lára rẹ̀ ni ohun tó ń bàjẹ́ lára aago àti ìbọn: sípíríǹgì á rẹ̀, òróró á ki, eyín á jẹ. Owó ẹyọ tó tẹ̀ díẹ̀ á há sí ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀rọ. Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ á sì máa sọ irin tí wọ́n gé bí owó sínú rẹ̀. Fey dá pínní kan sí ojú ọ̀nà owó tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ihò wà láàárín rẹ̀, kó lè ya owó gidi sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn owó ayédèrú àti ti ilé ọtí. Èyí tó le jù wá lẹ́yìn náà, ní òpin àwọn ọdún 1940, nígbà tí àwọn kan ní Nevada ṣàkíyèsí pé aago inú ẹ̀rọ ń lọ déédéé jù. Bí wọ́n bá fa apá ní àkókò tó péye lẹ́yìn tí àgbá dúró, wọ́n lè mọ ibi tí yóò dúró sí lẹ́yìn náà. Wọ́n ń ka iye nínú orí wọn bí onílù, wọ́n sì ń kó owó lọ. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi ohun kan kún aago náà tí yóò máa yí àkókò rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ kọ́ níbẹ̀ kò kúrò lọ́kàn wọn mọ́: ohun tí ojú tàbí etí bá lè wọ̀n, ẹnìkan á fi jẹ́ ọlọ́rọ̀.

Fey kò tà. Ó ń gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sínú ilé ọtí, òun àti onílé á sì pín owó tó bá wọlé sí méjì ọgbọọgba. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ó tàn kálẹ̀ kíákíá. Herbert Mills ní Chicago ló tàn án kálẹ̀, nígbà tí ilé iṣẹ́ Mills Novelty bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Operator Bell ní 1907. Ohun méjì ló ṣe sí àgbá tó ṣe pàtàkì. Ó fi àwòrán kún un dé 20, ọ̀nà tí wọ́n lè gbà dúró sì fò láti 1,000 sí 8,000. Ó sì fẹ fèrèsé rẹ̀ lójú, kí ènìyàn lè máa rí àwòrán tó wà lókè ìlà àti èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni ènìyàn ti ń rí ohun tó fẹ́ẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́, tó kàn yẹ̀ díẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ó ń bọ̀ wá.

Èso tó kún ara ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ títí di òní, òfin ló gbé e wá. San Francisco fòfin dè é ní 1909, àwọn ibòmíràn sì tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ wá sọ pé ṣingọ́ọ̀mù ni àwọn ń tà: bí ènìyàn bá fa apá, ẹ̀rọ á fún un ní ṣingọ́ọ̀mù, èso tó bá tò sì ni adùn rẹ̀. Ṣẹ́rì, ọsàn, lẹ́mọ́ọ̀nù, plum. BAR dúdú tí gbogbo ènìyàn mọ̀ yẹn, àmì ilé iṣẹ́ ṣingọ́ọ̀mù ni. Òfin lọ, ṣingọ́ọ̀mù lọ, èso kò lọ. Ní Bìrìtìkó gan-an, ẹ̀rọ èso ni wọ́n ṣì ń pè é.

Nevada sọ tẹ́tẹ́ di ohun tó bófin mu ní 1931. Ní New York, ọ̀tọ̀ ni tiwọn: ní 1934, olórí ìlú náà, Fiorello La Guardia, gbé òòlù lu ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ níwájú àwọn oníròyìn kí wọ́n tó lọ dà wọ́n sómi. Ní 1951, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà dá gbígbé ẹ̀rọ yìí láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn dúró, àyàfi ibi tí ìpínlẹ̀ bá ti gbà á láyè. Àbájáde rẹ̀ ni pé gbogbo iṣẹ́ náà forí lé Nevada, níbi tí wọ́n ti ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kasínò fún àwọn tó ń dúró de ọkọ tàbí aya wọn nídìí tábìlì káàdì. Tábìlì ló ń mú owó wọlé nígbà yẹn, ẹ̀rọ kàn ń ṣe aájò ni.

Ohun tó kọ́kọ́ yí ìyẹn padà ni iná mànàmáná. Ní 1963, ilé iṣẹ́ Bally gbé ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Money Honey jáde. Apá ṣì wà lára rẹ̀, àmọ́ mọ́tò àti wáyà ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Dípò ọpọ́n owó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní àpò ńlá nísàlẹ̀ tó lè san owó ẹyọ 500 láìsí pé òṣìṣẹ́ kan wá kà á. Àwọn kan lè ka èyí sí nǹkan kékeré. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, ẹ̀rọ kò lè ṣèlérí ohun tó pọ̀ torí ọpọ́n rẹ̀ kéré. Bí ó bá fẹ́ san owó ńlá, gbogbo eré á dúró, wọ́n á pe ẹni tó ń mójú tó o, ẹni náà á wá kówó. Money Honey mú òṣìṣẹ́ yẹn kúrò láàárín. Bí ẹ bá sì wo gbogbo àtúnṣe tó wá lẹ́yìn rẹ̀, ohun kan tó ń dá eré dúró ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mú kúrò: bọ́tìnnì gba ipò apá, owó bébà gba ipò owó ẹyọ, tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ jáde gba ipò kíkó owó sínú ike. Bí ènìyàn bá ń fa apá, tó ń wá owó ẹyọ lápò, ó ráyè ronú. Àyè yẹn ni wọ́n ń ra padà díẹ̀díẹ̀.

Ní 1976, ilé iṣẹ́ Fortune Coin ní California fi tẹlifíṣọ̀n Sony onínṣì 19 rọ́pò àgbá, wọ́n sì gbé e lọ dán wò ní ilé ìtura Hilton ní Las Vegas. IGT, ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe ẹ̀rọ tẹ́tẹ́, ra ilé iṣẹ́ náà ní 1978. Àwọn ènìyàn kọ́kọ́ ń fura sí i. Irin tó ń yí, wọ́n gbà pé wọ́n lè rí i. Àwòrán inú tẹlifíṣọ̀n, ta ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀? Ìfura yẹn bọ́gbọ́n mu. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé orí irin tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé yẹn gan-an ni àyípadà tó tóbi jù lọ ti wá ṣẹlẹ̀.

Ìṣòro tó wà nílẹ̀ nìyí. Àgbá irin lè gba ibi ìdúró 22, ìyẹn àwòrán 11 àti àlàfo 11. Bí àmì jákípọ́ọ̀tì, ìyẹn èrè tó ga jù lọ, bá jẹ́ ẹyọ kan lára àgbá kọ̀ọ̀kan, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á tò lẹ́ẹ̀kan nínú 22 lọ́nà 22 lọ́nà 22, ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan nínú 10,648. Ẹ̀rọ tó ń gba dọ́là 1 kò lè ṣèlérí ju dọ́là 10,000 lọ kó máà wọ gbèsè. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣèlérí mílíọ̀nù kan, àgbá gbọ́dọ̀ tóbi tàbí kó pọ̀ sí i. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀, àwọn ènìyàn sì sá. Bí àgbá bá ṣe ń pọ̀ sí i tó, bẹ́ẹ̀ ni ojú ń rí i pé kò rọrùn láti jẹ.

Inge Telnaes ló tú u. Ìwé ẹ̀tọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní oṣù karùn-ún 1984, nọ́ńbà 4,448,419, ni gbogbo ilé iṣẹ́ wá gbé ara lé. IGT ló ra ẹ̀tọ́ náà. Ohun tó sọ rọrùn: ẹ jẹ́ kí àgbá máa yí, àmọ́ kí nọ́ńbà pinnu ibi tó máa dúró. Mọ́tò á kàn gbé àgbá lọ síbi tí nọ́ńbà bá ní kó lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan tí mo ṣètò fúnra mi ṣàlàyé rẹ̀. Àgbá wa ní ibi ìdúró 22 tí ojú ń rí. Nínú ṣíìpù, tábìlì kan wà tó ní ìlà 64, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ń tọ́ka sí ọ̀kan lára ibi ìdúró 22 náà. Jákípọ́ọ̀tì gba ìlà 1 péré. Àlàfo tó wà lókè rẹ̀ gba ìlà 5, àlàfo tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gba ìlà 5. Àwọn 19 tó kù pín ìlà 53 láàárín ara wọn. Ojú á sọ pé jákípọ́ọ̀tì jẹ́ 1 nínú 22. Ṣíìpù mọ̀ pé 1 nínú 64 ni. Fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti tò, ojú ń ka 10,648, òótọ́ ibẹ̀ sì jẹ́ 262,144, ó fi nǹkan bí ìlọ́po 25 le ju bó ṣe hàn lọ. Bí wọ́n bá sọ tábìlì di ìlà 256, ó di 16,777,216, àgbá kò sì yí padà rárá.

Ẹ wá wo àwọn àlàfo méjì yẹn. Lórí àgbá tó jẹ́ olóòótọ́, ní gbogbo ìgbà tí jákípọ́ọ̀tì bá dúró lórí ìlà lẹ́ẹ̀kan, yóò dúró sókè tàbí sísàlẹ̀ ìlà lẹ́ẹ̀mejì. Lórí àpẹẹrẹ wa yìí, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni. Nítorí náà ènìyàn á máa rí i léraléra pé ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀, nígbà tí kò sí ohun tó ń jẹ́ "ó kù díẹ̀" nínú ṣíìpù: ìlà tó jẹ àti ìlà tí kò jẹ nìkan ló mọ̀. Fèrèsé tí Mills fẹ̀ lójú ní 1907 ló wá wúlò báyìí. Àwọn aláṣẹ Nevada fọwọ́ sí tábìlì bí irú èyí. Ohun tí wọ́n kọ̀ ní 1989 ni ti ilé iṣẹ́ Japan kan tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń kọ́kọ́ pinnu pé ẹni náà ti pàdánù, tó wá ń lọ ṣa àwòrán tó jọ pé ó fẹ́ẹ́ jẹ kó fi hàn án. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì wà lábẹ́ òfin. Nínú ọkàn ẹni tó jókòó síbẹ̀, èmi kò rí i.

Nọ́ńbà tó ń pinnu yìí, báwo ló ṣe ń jáde? Sọ́fítíwíà kan ń pọ nọ́ńbà láìdákẹ́, ọ̀pọ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, yálà ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀ tàbí kò sí. Ìgbà tí ọwọ́ bá kan bọ́tìnnì ni ó mú èyí tó wà lójú ọ̀nà. Ká sọ pé 1,000,003 ni. Wọ́n á pín in sí 64, èyí tó ṣẹ́kù jẹ́ 3, nítorí náà ìlà 3 nínú tábìlì ló jáde fún àgbá àkọ́kọ́. Wọ́n á mú nọ́ńbà mìíràn fún èkejì, òmíràn fún ẹ̀kẹta. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń wo bóyá ẹ̀rọ náà ti pẹ́ tó sanwó gbẹ̀yìn. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ pé "ẹ̀rọ yìí ti kún, ó máa tó bì í" kò fi ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Bí ènìyàn bá dìde, tí ẹlòmíràn jókòó tó sì jẹ lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe owó ẹni àkọ́kọ́ ló gbà; ká ní ẹni yẹn dúró, ìka rẹ̀ ì bá tẹ bọ́tìnnì ní àkókò mìíràn, nọ́ńbà mìíràn ni ì bá sì mú.

Àmọ́ sọ́fítíwíà náà ní àrùn tirẹ̀. Ìṣirò ló ń pọ nọ́ńbà wọ̀nyí, ìṣirò sì ṣeé tọ̀ padà bí kò bá lágbára tó. Ní 2014, ní St. Louis, ọwọ́ tẹ àwọn ọkùnrin kan láti Rọ́ṣíà tí wọ́n ń fi fóònù ya bí ẹ̀rọ àtijọ́ kan ṣe ń yí. Wọ́n ń fi àwòrán náà ránṣẹ́ sílé, àwọn tó wà nílé ń ṣírò ibi tí nọ́ńbà dé, fóònù á sì gbọ̀n lápò ẹni tó ń ta á ní kété tó yẹ kó tẹ bọ́tìnnì. Ohun àtijọ́ ni ìyẹn: ọgbọ́n àwọn tó ń ka aago ní òpin àwọn ọdún 1940 ló padà wá. Ṣáájú ìgbà náà, ní Nevada, ẹnjiníà kan nínú ọ́fíìsì ìjọba tó ń yẹ àwọn ẹ̀rọ wò ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àṣírí sínú ṣíìpù: bí wọ́n bá sọ owó ẹyọ sínú ẹ̀rọ ní ìtẹ̀léra kan, á sanwó. Ìdí nìyí tí àwọn àyẹ̀wò òde òní fi ń wọn àmì sọ́fítíwíà fúnra rẹ̀, tí wọn kì í kàn gba ọ̀rọ̀ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò gbọ́.

Lẹ́yìn tí Telnaes ti tú jákípọ́ọ̀tì kúrò lẹ́wọ̀n àgbá, nǹkan kò dúró mọ́. Ní 1986, IGT so àwọn ẹ̀rọ káàkiri Nevada pọ̀ mọ́ra lórúkọ Megabucks: díẹ̀ nínú owó tí ẹnikẹ́ni bá ta níbikíbi á bọ́ sínú àpò kan ṣoṣo. Ní oṣù kẹta 2003, àpò náà bẹ́ ní kasínò Excalibur ní Las Vegas, ó lé ní mílíọ̀nù dọ́là 39. Ohun tí wọn kì í kọ sára pátákó ni pé díẹ̀ tó ń bọ́ sínú àpò yẹn wà nínú iye tí wọ́n ní ẹ̀rọ ń dá padà. Ẹni tí kò bá jẹ jákípọ́ọ̀tì, ìyẹn gbogbo ènìyàn àfi ẹnì kan, iye tó ń padà sọ́wọ́ rẹ̀ kéré ju ti ẹ̀rọ lásán lọ. Ní àwọn ọdún 1980 yìí náà ni owó ẹ̀rọ ní Nevada kọjá ti tábìlì káàdì, kò sì padà sẹ́yìn mọ́.

Iye tó ń padà yìí, RTP ni wọ́n ń pè é, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì kà. Òfin Nevada ní kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 75 nínú 100. Ti New Jersey jẹ́ 83. Bí ẹ̀rọ bá ń dá 90 padà, ẹni tó mú dọ́là 100 lọ á rò pé 90 lòun á mú bọ̀ wálé. Ìyẹn á rí bẹ́ẹ̀ bó bá ta 100 yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì dìde. Wọn kì í dìde. Wọ́n á tún ta 90 náà, ó di 81. Wọ́n á tún ta 81, ó di nǹkan bí 73. Bí owó náà bá ti yí po lẹ́ẹ̀mẹwàá, 35 ló kù, nígbà ogún, 12. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ̀rọ kò purọ́, 90 náà ló ń dá padà lórí gbogbo ohun tí wọ́n bá tà. Ènìyàn ni kò ka iye ìgbà tó ta owó kan náà.

Ìdí nìyí tí ìyára fi ju iye orí bọ́tìnnì lọ. Bí ènìyàn bá ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá 6, ìgbà 600 ni wákàtí kan. Ní dọ́là 1, lórí ẹ̀rọ tó ń mú 5 nínú 100, dọ́là 30 ló ń lọ láàárín wákàtí. Bí ó bá di ìṣẹ́jú àáyá 2.5, ìgbà 1,440 ni, dọ́là 72. Òfin Bìrìtìkó tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021 fi 2.5 yẹn ṣe ìwọ̀n fún eré orí íntánẹ́ẹ̀tì: kò gbọ́dọ̀ yára jù ú lọ, ẹ̀rọ kò sì gbọ́dọ̀ máa dá yí fúnra rẹ̀. Òfin kan náà dá sí orin. Lórí eré tó ní ìlà 20 tó lè sanwó, ẹni tó ta sẹ́ǹtì 1 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan ti fi sẹ́ǹtì 20 sílẹ̀. Bí ìlà kan bá san sẹ́ǹtì 8 fún un, ó ti pàdánù 12, bẹ́ẹ̀ agogo ń dún, iná ń tàn, wọ́n ń kí i kú oríire. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Waterloo ní Kánádà wọn òógùn awọ ara àwọn tó ń ta á, wọ́n sì rí i pé ara ń gba irú òfò bẹ́ẹ̀ bí èrè. Bìrìtìkó ní kí wọ́n má fi orin ṣayẹyẹ ohun tí kò bá ju owó tí ènìyàn ta lọ. Norway ṣe jù bẹ́ẹ̀: ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 2007, wọ́n kó gbogbo ẹ̀rọ náà kúrò, kí ilé iṣẹ́ ìjọba tó gbé òmíràn padà tó jẹ́ pé káàdì orúkọ ni wọ́n fi ń ta á, tí ó sì ní ibi tí òfò gbọ́dọ̀ mọ.

Orí fóònù, kò sí irin, kò sí ilé, kò sí ohun tó ń dín iye àwòrán kù. Òfin Antigua àti Barbuda ti 1994 ló kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn fún kasínò orí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú àwọn eré tó wá lẹ́yìn, ẹ ó rí èyí tó ń pariwo pé òun ní ọ̀nà 117,649 láti jẹ. Òótọ́ ni, 7 lọ́nà 7 lọ́nà 7 lọ́nà 7 lọ́nà 7 lọ́nà 7 ni, ìyẹn àgbá 6 tó ní àwòrán 7. Kò sọ nǹkan kan nípa bóyá ènìyàn á jẹ. Ọ̀nà tó pọ̀ kàn túmọ̀ sí pé ohun tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń san kéré.

Ohun tó yẹ kí ènìyàn béèrè ni bí owó náà ṣe ń jáde. Ẹ wo eré méjì tí RTP wọn jẹ́ 96. Àkọ́kọ́ ń san ìlọ́po 2 nígbà 48 nínú 100. Èkejì ń san ìlọ́po 9,600 lẹ́ẹ̀kan nínú 10,000, kò sì san nǹkan mìíràn. Nínú ẹni 100 tó bá ta èkejì nígbà 1,000, nǹkan bí 90 kò ní rí kọ́bọ̀, gbogbo ohun tí wọ́n tà ló lọ. Nọ́ńbà 96 kan náà ló wà lára méjèèjì. Eré gidi wà láàárín méjèèjì yìí, àmọ́ àwọn tó lókìkí jù lónìí ń sún mọ́ èkejì, torí èrè ńlá ẹnì kan ló ń wu ènìyàn wò lórí fídíò.

Eré kan náà sì lè má jẹ́ ọ̀kan náà. Àwọn tó ń ṣe eré sábà máa ń gbé e jáde ní oríṣi bíi mélòó kan, ọ̀kan ní 96, òmíràn 94, òmíràn 92, onílé á sì mú èyí tó bá wù ú. Orúkọ, àwòrán àti orin kò yàtọ̀. Ìpolówó ẹni tó ṣe é á máa kọ 96 tó ga jù. Nítorí náà, inú eré náà gan-an, lójú òpó tí wọ́n ti fẹ́ ta á, ni kí ènìyàn ti wò ó: kí ó tẹ àmì "i" tàbí àmì ìbéèrè tó wà ní igun, kí ó yí ojú ewé ìlànà lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, torí ìparí ni wọ́n sábà ń fi í sí, kí ó sì wá RTP. Láti 96 sí 92 dà bí ìdínkù kékeré. Ẹ kà á láti apá onílé: ohun tó ń mú kúrò ní 4, ó di 8.